Bí Ẹ Ṣe Lè Parí Oògùn Ikọ́ Ife Nígbà Tí Ọ̀nà Bá Dí Tàbí Tí Ilé Ìwòsàn Bá Tì

Ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, láti Òkèlele dé Gáà Àkàńbí ní Ìlọrin, láti Ọ̀fà dé Òmù-Àrán ní ìpínlẹ̀ Kwara: "Mo ti wà lórí oògùn ikọ́ ife láti bí oṣù méjì. Ibi tí mo ti ń gbà á ti tì. Ṣé kí n dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣí i ni?" Lọ́dún 2020, òfin kónílé-ó-gbélé ló ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Lẹ́yìn ìgbà náà, ìyanṣẹ́lódì ni, tàbí owó mọ́tò tó wọ́n, tàbí òjò tó ba ọ̀nà oko jẹ́. Ìdáhùn mi ò yí padà: rárá o, ẹ má dúró.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa tẹ̀ lé àwọn aláìsàn yìí títí wọ́n á fi lo oògùn wọn tán. Mo ti rí ẹni tí wọ́n gbé wá lórí ọ̀kadà, egungun lásán, tó ti padà sídìí òfì tó ń hun kí oṣù mẹ́fà tó pé. Mo sì ti rí ẹni tí ara rẹ̀ ti le dáadáa, tó dá oògùn dúró lóṣù kẹta, tí a ò rí i mọ́ títí ìròyìn ikú rẹ̀ fi dé. Oògùn kan náà ni àwọn méjèèjì gbà. Ẹni àkọ́kọ́ ti mọ ibi tó máa yà sí kí ọ̀nà tó dí. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn.

## Bí oògùn yín bá ti fẹ́ tán lónìí, ẹ ka apá yìí ná

- Ẹ ka iye ọjọ́ tí èyí tó wà lọ́wọ́ yín máa tó. Bí kò bá tó ọjọ́ 7, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn lónìí.
- Ẹ pe nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó ń fún yín lóògùn.
- Bí kò bá gbé e, ẹ pe 3340, nọ́ńbà ikọ́ ife ti gbogbo Nàìjíríà. Ọ̀fẹ́ ni.
- Ẹ mú káàdì ìtọ́jú yín àti páálí oògùn tó ṣẹ́ kù dání, kí ẹ lọ sí ibùdó mìíràn tó ń tọ́jú ikọ́ ife. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè ka káàdì náà.
- Ẹ má dín iye hóró tí ẹ ń lò kù kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ dídín hóró kù yìí ń dùn mí. Ẹni tó ń ṣe é rò pé òun ń ṣọ́ oògùn ná. Àmọ́ oògùn tí kò tó kì í pa kòkòrò ikọ́ ife, ńṣe ló ń kọ́ ọ bí ó ṣe máa yè é. Nígbà tí oògùn gidi bá wá dé, ó lè má ràn mọ́.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ rí i dájú pé ikọ́ ife ni

Ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 2, ibà tó ń wá lálẹ́, òógùn òru tó ń rin aṣọ, ara tó ń rù, ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀: èyíkéyìí nínú wọn tó kí ẹ fi lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹni tó bá ní HIV kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí ọ̀sẹ̀ méjì máa pé. Bó ṣe wúkọ́ lónìí ni kó lọ.

Nígbà àrùn Kòrónà, ikọ́ méjèèjì dàrú mọ́ ara wọn lójú àwọn ènìyàn. Kòrónà máa ń yára dé: ọjọ́ díẹ̀ ni ibà àti ikọ́ rẹ̀ fi ń le. Ikọ́ ife máa ń fà, ó lè fa oṣù méjì kí ẹni tó ń ṣe tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ̀rù pé wọ́n á gbé àwọn lọ sí ibi ìyàsọ́tọ̀ ní ilé ìwòsàn Sóbí ní Ìlọrin mú kí àwọn kan máa fi ìbòmú bo ikọ́ mọ́lẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Bí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn bá tún dé, ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò méjèèjì fún yín lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí èyí tó ń dí èkejì lọ́wọ́, ènìyàn sì lè ní wọn pọ̀.

Bí ẹ ṣe máa mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá:

1. Ẹ lọ sí ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín, kí ẹ sọ pé àyẹ̀wò ikọ́ ife lẹ fẹ́. Wọ́n á fún yín ní ike kékeré.
2. Ẹ fi omi lásán yọ ẹnu, kí ajẹkù oúnjẹ má bàa bá a lọ.
3. Ẹ jáde sí gbangba, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, jìnnà sí àwọn ènìyàn. Ẹ má ṣe é nínú yàrá tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.
4. Ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ wá wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà. Ohun tó ki ni wọ́n ń wá. Itọ́ ẹnu kò wúlò.
5. Ẹ dé ike náà pa, ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ sì fà á lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀rọ GeneXpert ni wọ́n sábà máa ń lò. Kò ju nǹkan bíi wákàtí 2 lọ tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣe é, ó sì máa sọ nǹkan méjì: bóyá ikọ́ ife ni, àti bóyá rifampicin, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn oògùn ikọ́ ife, ṣì ń ràn án. Ẹ̀rọ kan náà yìí ni wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò Kòrónà ní ọ̀pọ̀ ibi ní 2020, ìdí nìyẹn tí èsì fi pẹ́. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, ẹ má gbé ike padà sílé. Ẹ béèrè pé, "Ṣé ẹ lè fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi ránṣẹ́ síbòmíràn?" Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè rìnrìn àjò kí ẹ̀yin má rìn. Ọmọdé tí kò lè tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀, wọ́n lè fi ìgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ èyí.

## Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fún yín lóògùn

Oṣù méjì àkọ́kọ́, hóró kan ṣoṣo ló kó oògùn mẹ́rin pọ̀: rifampicin, isoniazid, pyrazinamide àti ethambutol. Oṣù mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, méjì ló ṣẹ́ kù nínú hóró náà: rifampicin àti isoniazid. Ìwọ̀n ara yín ló ń sọ iye hóró tí ẹ máa lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń ka oṣù kan sí, nítorí náà ọjọ́ 168 ló wà níwájú yín. Ikọ́ ife tó bá wọ egungun tàbí ọpọlọ máa ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti oògùn.

Ọjọ́ yìí gan-an ni kí ẹ ti múra de ìdíwọ́. Ẹ má jáde ní kíníìkì láìṣe nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ gba nọ́ńbà ènìyàn méjì: ti ẹni tó ń fún yín lóògùn, àti ti alábòójútó ikọ́ ife fún ìjọba ìbílẹ̀ yín. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ló ní ẹnì kan tó ń mójú tó o. Òun ló mọ ibi tí oògùn wà bí ibùdó yín bá tì.
2. Ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì gidi. Ìtìjú máa ń mú kí àwọn kan sọ àdúgbò tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ dárúkọ agboolé yín. Bí ẹ bá sọ pé "ẹ̀bá mọ́sálásí" ní Ìlọrin, a ò lè rí yín.
3. Ẹ yan alátìlẹ́yìn kan, ẹni tó ń gbé nítòsí tó máa rí i bí ẹ ṣe ń gbé oògùn mì. Ó lè jẹ́ ìyàwó, ọkọ, ọmọ tó ti dàgbà, tàbí aládùúgbò. Ẹ yan ẹni tí ẹ kò lè purọ́ fún.
4. Ẹ béèrè pé: "Bí ibí bá tì, ibo ló tún wà?" Ẹ kọ orúkọ ibùdó méjì mìíràn sẹ́yìn káàdì.
5. Ẹ fi fóònù ya àwòrán káàdì níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí alátìlẹ́yìn yín. Káàdì ti bá òjò lọ rí, ó ti jóná rí, eku ti jẹ ẹ́ rí. Àwòrán máa wà nínú fóònù ẹlòmíràn.
6. Bí ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Malété tàbí Unilorin, tàbí awakọ̀ tó ń ti ibùdókọ̀ Màrábá lọ sókè ọya, ẹ sọ ọ́. Wọ́n á mọ bí wọ́n ṣe máa ka oògùn fún ìrìn àjò yín.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò HIV àti ìtọ̀ ṣúgà fún yín pẹ̀lú. Kì í ṣe pé wọ́n ń fura sí ìwà yín. Àwọn àìsàn méjèèjì ń ṣí ilẹ̀kùn fún ikọ́ ife, oògùn wọn sì lè ṣàkóbá fún tiyín bí dókítà kò bá mọ̀.

## Lílo oògùn lójoojúmọ́

Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ kì í gbàgbé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń tẹ̀ lé máa ń lò ó bí wọ́n bá ti kírun àsùbá tán, kí wọ́n tó jẹun. Àìjẹun ló dára jù, àmọ́ bí èébì bá ń gbé yín, ẹ fi ẹ̀kọ díẹ̀ sínú ná. Oògùn tí ẹ fi ẹ̀kọ lò dára ju èyí tí ẹ pọ̀ dànù lọ.

Bí ẹ bá gbàgbé, tí ẹ sì rántí lọ́jọ́ náà, ẹ lò ó kíákíá. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ lo ti ọjọ́ tuntun nìkan, ẹ má lo ti ọjọ́ méjì pọ̀. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, wọ́n á fi ọjọ́ tó bọ́ náà kún ẹ̀yìn.

Ramadan. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń bi mí. Ní 2020, ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, láàárín kónílé-ó-gbélé gan-an, ìdíwọ́ méjì sì pàdé ara wọn. Ẹ ṣe é báyìí:

- Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà bóyá ara yín lè gba ààwẹ̀. Ẹni tó wà nínú oṣù méjì àkọ́kọ́, tó ṣì rù, kò yẹ kó gbà á.
- Àlùkùránì gan-an, nínú Súrà Baqarah, yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kó san án pa dà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ lọ bá àlùfáà yín bí ọkàn yín kò bá balẹ̀. Kò sí èyí tí mo mú ọ̀rọ̀ yìí tọ̀ tó ní kí aláìsàn dá oògùn dúró.
- Bí dókítà bá ní ẹ lè gbà á, ẹ lo oògùn yín ní bíi wákàtí kan kí ẹ tó jẹ sààrì. Ẹ má yí aago rẹ̀ padà lójoojúmọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn máa mu àgbo mọ́ oògùn yìí. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí oògùn ikọ́ ife. Bí ẹ bá tún da àgbo tàbí ọtí lé e, ẹ ti di ẹrù àgbà ru ọmọdé. Ẹ fi àgbo sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà yìí.

Ẹ̀yin obìnrin tó ń lo hóró ìfètòsọ́mọbíbí tàbí èyí tí wọ́n ń fi sí apá: rifampicin ń sọ wọ́n di aláìlágbára. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó fún yín ní òmíràn, kí ẹ sì máa lo kọ́ńdọ̀mù títí dìgbà náà.

## Nígbà tí ìdíwọ́ bá dé

Ní gbogbo àgbáyé, àwọn tí wọ́n rí ikọ́ ife lára wọn tí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ já wálẹ̀ láti 7.1 mílíọ̀nù ní 2019 sí 5.8 mílíọ̀nù ní 2020. Kì í ṣe pé àìsàn náà dínkù. Àwọn aláìsàn wà nílé, ikú ikọ́ ife sì gòkè fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Nàìjíríà wà lára àwọn tí tiwọn kò já: nǹkan bíi 120,000 ni wọ́n rí ní 2019, ó di nǹkan bíi 138,000 ní 2020. Wọ́n ń wá ikọ́ ife níbi tí wọ́n ti ń wá Kòrónà, wọ́n sì ń wọ àdúgbò lọ bá àwọn ènìyàn. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ó ṣeé ṣe láti tọ́jú ikọ́ ife nínú àjàkálẹ̀ àrùn. A ti ṣe é rí.

Bí ó bá jẹ́ òfin kónílé-ó-gbélé

1. Bí ẹ bá ti gbọ́ fìnrín pé òfin ń bọ̀, ẹ lọ gba oògùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè fún ti oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2020, wọ́n ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn púpọ̀ lọ sílé nítorí èyí.
2. Òfin kì í di ẹni tó ń lọ gba ìtọ́jú lọ́wọ́. Ẹ mú káàdì yín dání, kí ẹ fi han ọlọ́pàá lójú ọ̀nà pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.
3. Bí alátìlẹ́yìn kò bá lè wá mọ́, ẹ jọ fi àdéhùn sí aago kan. Kí ó pè yín lórí fídíò, kí ó rí i bí ẹ ṣe ń gbé e mì. Bí kò bá sí dátà, ìpè lásán náà tó.
4. Ẹ lè rán ẹlòmíràn lọ bá yín gba oògùn, pẹ̀lú káàdì yín, bí ẹ bá ti bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìyanṣẹ́lódì

Ibùdó kan tí mi ò ní dárúkọ ti ilẹ̀kùn láìsọ fún aláìsàn kankan. Obìnrin kan tó ń ta gààrí ní ọjà Ìpàtà lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó bá àgádágodo pàdé lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbà pé ó ti parí nìyẹn. Ọjọ́ 19 ni kò fi lo oògùn kí n tó gbọ́. Ó dùn mí títí di òní, nítorí pé oògùn rẹ̀ wà ní ibòmíràn tí ọ̀kadà kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó tó débẹ̀, kò kàn sí ẹni tó sọ fún un ni. Ẹ má lọ lẹ́ẹ̀kejì láìpe ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá bá ilẹ̀kùn ní títì lẹ́ẹ̀kan, ẹ pe alábòójútó ìjọba ìbílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni àti ti ìjọ tàbí ẹlẹ́sìn wà tó ń fúnni ní oògùn ikọ́ ife ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kì í sì í bá wọn yanṣẹ́lódì.

Bí ẹ bá wà ní ẹ̀yìn ààlà

Gúúsù Kwara súnmọ́ Ọ̀ṣun àti Èkìtì. Ẹni tó ń gbé Ọ̀fà lè máa gba oògùn ní Ìkìrun, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òmù-Àrán lè máa lọ sí Ọ̀tùn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de ìrìn àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn ní òpin oṣù kẹrin 2020, kò tún ṣí i títí oṣù keje fi wọlé. Ìyẹn lé ní oṣù méjì. Bí ẹ bá ń kọjá ààlà gba oògùn, ẹ béèrè fún ìwé ìṣípòpadà, kí wọ́n gbé orúkọ yín wá sí ibùdó tó wà níhìn-ín. Ẹ pe ibi tí ẹ ti kúrò lẹ́yìn tí ẹ bá débẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ gúnlẹ̀.

Ti owó mọ́tò, ẹ sọ ọ́ jáde. Oògùn lè wá bá yín ní ibùdó ìlera àdúgbò dípò ilé ìwòsàn ńlá. Nígbà tí Amẹ́ríkà sì dá owó ìrànwọ́ ìlera dúró ní oṣù kìíní 2025, tí ìbẹ̀rù dé pé oògùn máa tán, ìmọ̀ràn kan náà ni mo fún wọn: ẹ ka hóró tó kù, ẹ pè kí ó tó ku ọ̀sẹ̀ kan.

Bí ẹ bá ti dá a dúró tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

1. Ẹ padà lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú tàbí ẹ̀rù èébú dá yín dúró.
2. Ẹ sọ iye ọjọ́ náà gan-an. Ìwọ̀n ọjọ́ tí ẹ fi dúró ló ń sọ bóyá wọ́n á ní kí ẹ máa bá a lọ, tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.
3. Ẹ fún wọn ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún àyẹ̀wò tuntun, kí wọ́n mọ̀ bóyá oògùn ṣì ń ràn án.
4. Ẹ má ti ara yín bẹ̀rẹ̀ èyí tó ṣẹ́ kù nínú àpótí.

## Ohun tí ara lè ṣe

Kò léwu, ẹ máa lo oògùn lọ, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì:

- Ìtọ̀, omijé àti òógùn tó pọ́n bí omi ọsàn. Rifampicin ló ń ṣe é.
- Inú tó ń rú díẹ̀, oríkèé tó ń ro.
- Ẹsẹ̀ tó ń ta bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Wọ́n á fún yín ní fítámì B6.

Ẹ dá oògùn dúró, kí ẹ sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà:

- Funfun ojú tó di bí àtalẹ̀ pupa.
- Ojú tó ń ṣe bàìbàì, tàbí tí kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé mọ́.
- Èébì tí kò jẹ́ kí nǹkan dúró nínú.
- Ara tó sú pẹ̀lú ibà, tàbí ojú àti ètè tó wú.

Ìwọ̀nba ènìyàn ni èyí ń ṣe. Bí ó bá sì ṣe yín, oògùn mìíràn wà.

## Àwọn tí ẹ jọ ń gbé

Afẹ́fẹ́ ni ikọ́ ife ń gbà. Abọ́, ife omi, aṣọ, bíbọ ara ẹni lọ́wọ́, kò sí èyí tó ń kó o. Nítorí náà, kí wọ́n má ya abọ́ yín sọ́tọ̀. Fèrèsé ni kí wọ́n ṣí. Kónílé-ó-gbélé kó gbogbo agboolé sínú yàrá kan, wọ́n sì ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀fọn, ìyẹn sì léwu ju ṣíbí tí wọ́n ń sá fún lọ. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí i, kí ẹ ṣí i sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ lo ìbòmú nínú ilé, ẹ sun yàrá ọ̀tọ̀ bí ó bá wà. Bí oògùn bá ti ń ràn yín, bí ẹ ṣe lè kó o ran ẹlòmíràn máa já wálẹ̀ gidigidi lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí gbogbo ará ilé lọ ṣàyẹ̀wò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tí kò ní àìsàn náà máa gba oògùn ìdènà, àwọn àgbà náà sì lè gbà á. Bí aláìsàn bá jẹ́ olùkọ́ tàbí ọmọ ilé kéú, ẹ sọ fún wọn níbẹ̀. Àwọn ọmọ ń sùn mọ́ra wọn.

## Ohun tí wọ́n máa kọ sí káàdì yín níkẹyìn

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ nìyí, nítorí ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í wò ó. Nígbà tí ìtọ́jú bá dópin, ọ̀kan nínú mẹ́fà ni wọ́n máa kọ:

1. Ó wòsàn. Ẹ lo oògùn tán, àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì fi hàn pé kòkòrò ti lọ.
2. Ó parí ìtọ́jú. Ẹ lò ó tán, àmọ́ kò sí àyẹ̀wò ìkẹyìn tó jẹ́rìí sí i.
3. Oògùn kò ràn án. Wọ́n gbọ́dọ̀ yí i padà. Ìtọ́jú wà fún ikọ́ ife olóríkunkun pẹ̀lú, ọ̀fẹ́ ni.
4. Ó kú.
5. A kò rí i mọ́. Ó dá oògùn dúró fún oṣù méjì léra léra, tàbí jù bẹ́ẹ̀.
6. A kò mọ ibi tó já sí. Èyí ló ń bá ẹni tó ṣí lọ síbòmíràn láìgba ìwé. Ó lè ti wòsàn o, kò kàn sí ẹni tó mọ̀.

Ìkíní àti ìkejì ni wọ́n ń kà sí àṣeyọrí. Ẹ gbìyànjú kí tiyín jẹ́ ìkíní. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ìparí oṣù kejì, oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà ló ń sọ ọ́. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù náà pé, ẹ̀yin ni kí ẹ rán nọ́ọ̀sì létí. Nígbà tí yàrá àyẹ̀wò bá kún fún iṣẹ́ àjàkálẹ̀ àrùn, àyẹ̀wò yìí ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sọnù, torí pé ara aláìsàn ti le, kò sì sí ẹni tó ń pariwo. Ẹ pariwo. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò bá jáde mọ́, ẹ gbìyànjú ti òwúrọ̀ kùtù. Bí kò bá sì jáde rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Maikirosíkóòpù ni wọ́n fi ń wo ti àárín ìtọ́jú. GeneXpert lè rí òkú kòkòrò kó sì pè é ní alààyè, nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù bà yín.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ tọ́jú káàdì náà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí yín. Ikọ́ ife lè fi àpá sílẹ̀ lórí ẹ̀dọ̀fóró, tí dókítà tó bá wo fọ́tò àyà yín lọ́dún mẹ́wàá òní á fi rò pé ó tún ti padà. Bí ikọ́, ibà àti rírù bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ mú káàdì náà lọ, kí ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó jókòó pé: "Mo ti lo oògùn ikọ́ ife rí, ọdún báyìí, mo sì lò ó tán."